Bàtà kún ẹnu ọ̀nà: kí lẹ máa rà, ráàkì, kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ǹṣì tàbí apẹ̀rẹ̀?

Ohun tó máa ń da ẹnu ọ̀nà rú nílé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ju márùn-ún lọ: bàtà, báàgì, agbòjò, kọ́kọ́rọ́ àti ẹrẹ̀. Bàtà ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá sú onílé, á ka gbogbo bàtà tó wà nílé, á ra ráàkì onípele mẹ́wàá, á gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oṣù kan kì í pé tí ráàkì ọ̀hún á fi kún fún bàtà òde tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ àfi lọ́jọ́ àríyá, tí sálúbàtà ojoojúmọ́ á sì padà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú ráàkì gan-an.

Iye bàtà tí ẹ ń bọ́ lẹ́nu ọ̀nà lójúmọ́ ló yẹ kí ẹ fi ra nǹkan, ẹ fi iye tí ẹ ní sílẹ̀. Ẹ tún wo bó ṣe rọrùn tó láti fi bàtà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó di ẹrù sọ́wọ́ méjèèjì, kò ní bẹ̀rẹ̀ kó máa ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Bàtà tó bá ṣeé fi ẹsẹ̀ tì sábẹ́ nǹkan, á tì í. Èyí tó bá gba kó lo ọwọ́, á fi í sílẹ̀ títí dìgbà tó bá ráyè, a sì mọ̀ pé kì í ráyè.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ibẹ̀

Sẹ̀ǹtímítà, tí a ó máa kọ ní cm, la fi wọn ọ̀pọ̀ ohun tó wà níhìn-ín. Bí ilé yín bá jẹ́ onítáìlì, ẹ lè má wá téèpù púpọ̀: táìlì pálọ̀ sábà máa ń jẹ́ 60 cm sí 60 cm tàbí 40 cm sí 40 cm. Ẹ wọn ẹyọ kan, kí ẹ máa ka ìyókù.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ibi tó lè ṣí dé. Ilẹ̀kùn àbáwọlé sábà máa ń fẹ̀ tó 90 cm, ibi tó bá gbá kọjá kò ṣeé gbé nǹkan sí, bó ti wù kó ṣófo tó lójú. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀nà tó fẹ̀ tó 80 cm sílẹ̀ fún ìrìn, nítorí sílíńdà gáàsì, mátírẹ́ẹ̀sì àti àpò ìrẹsì ń bọ̀ wá gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni tiyín. Ẹ tún wọn àlàfo tó wà láàárín ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ilẹ̀, torí ìnusẹ̀ tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú.

Ó wá kan bàtà fúnra rẹ̀. Bàtà ọkùnrin nọ́ńbà 43 máa ń gùn tó 30 cm, méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á sì fẹ̀ tó 22 cm. Ti obìnrin nọ́ńbà 39 á gùn tó 26 cm, á fẹ̀ tó 19 cm. Nítorí náà, ìpele ráàkì tó fẹ̀ ní 60 cm á gba bàtà obìnrin mẹ́ta, kò sì ní gbà ju méjì ti ọkùnrin lọ kí ó tó di pé wọ́n ń gun ara wọn. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé mẹ́rin ló ń gbà. Bàtà ọmọdé ló ń kà.

Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún: bàtà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń wọ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí àti sálúbàtà rẹ̀, ìyẹn mẹ́wàá. Ẹ fi àyè mẹ́ta kún un fún àlejò. Bàtà kẹta ẹnikẹ́ni, inú yàrá ló ń lọ. Òfin yìí nìkan máa ń dín ẹrù ẹnu ọ̀nà kù ju ohunkóhun tí ẹ lè rà lọ.

| | Ààyè tó gbà nílẹ̀ | Bàtà tó tutù | Bí a ṣe ń fi bàtà sí i | Ibi tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́ |
|---|---|---|---|---|
| Bẹ́ǹṣì | 90 × 35 cm | Ó gbà á | Ẹ fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ | Ó ṣòroó bàjẹ́ |
| Ráàkì onírin, ìpele méjì | 60 × 25 cm | Ó gbà á | Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lé e | Oríkèé oníke |
| Ráàkì gíga tó láṣọ | 60 × 30 cm | Kò gbà á | Ẹ ṣí síìpù, ẹ gbé e lé e, ẹ pa á dé | Síìpù |
| Kọ́bọ́ọ̀dù onípákó | 80 × 35 cm | Kò gbà á | Ẹ ṣí i, ẹ gbé e sí i, ẹ tì í | Pákó ìsàlẹ̀ |
| Kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ ń dà síwájú | 17 sí 24 cm láti ara ògiri | Kò gbà á | Ẹ fà á, ẹ kì í bọ̀ ọ́ lóòró, ẹ tì í padà | Ìdè (hínjì) ojú rẹ̀ |
| Àpò ara ilẹ̀kùn | Kò gba ilẹ̀ | Kò gbà á | Ẹ kì í bọ àpò | Ìkọ́ òkè |
| Apẹ̀rẹ̀ | 40 × 30 cm | Kò gbà á | Ẹ jù ú sí i | Bàtà á sọ ẹnìkejì rẹ̀ nù |

Bẹ́ǹṣì àti ráàkì kúkurú

Bí ẹ bá ní 90 cm lára ògiri, bẹ́ǹṣì la máa kọ́kọ́ mú. Kó ga tó 45 cm kí àgbàlagbà lè jókòó lé e kó sì dìde láìdi nǹkan mú, kí ó fẹ̀ tó 35 cm, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo pátápátá. Bàtà mẹ́rin ti àgbà á tò sábẹ́ rẹ̀, ti ọmọdé á tó márùn-ún. Bí káfíńtà bá fẹ́ fi pákó dábùú abẹ́ rẹ̀ kí ó lè lágbára, ẹ ní kó gbé e sẹ́yìn lọ́hùn-ún, lára ògiri. Èyí tó bá wà níwájú ni ẹsẹ̀ á máa kọ́, lọ́jọ́ kẹta, ilẹ̀ ni wọ́n á tún máa bọ́ bàtà sí.

Ráàkì onírin tó ń wá ní títú nínú páálí ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà, látorí Balógun l'Ékòó títí dé àwọn ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì. Kò wọ́n, kò wúwo, omi bàtà sì ń kán gba àárín irin rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ wà ní oríkèé. Ike lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ ni wọ́n fi so irin pọ̀, bí irin kò bá sì wọnú ike dé ìdí, á máa mì, ìmìtìtì yẹn ló sì ń la ike. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa ẹnu irin, kí ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń tì í wọlé títí kò fi ní lọ mọ́. Ẹ má fi hámà lù ú. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta péré ni kí ẹ tò lẹ́nu ọ̀nà, ìyókù irin tó wà nínú páálí kò pọn dandan. Bí ẹ bá ní dandan ó gbọ́dọ̀ ga ju mẹ́rin lọ, ẹ fi wáyà so orí rẹ̀ mọ́ ìkọ́ kan lára ògiri, kí bàtà tó wúwo sì wà nísàlẹ̀.

Nígbà òjò, ẹ gbé tíréè oníke kan sábẹ́ ìpele ìsàlẹ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí lára irin ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ráàkì bá sì dípẹtà lórí táìlì funfun, àpá rẹ̀ kì í fẹ́ ṣí. Ike kékeré tí wọ́n fi ń dé ẹsẹ̀ irin máa ń já bọ́ nígbà tí ẹ bá ń wọ́ ráàkì nígbà ìgbálẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ má wọ́ ọ.

Ti ráàkì gíga tó láṣọ lára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Síìpù á ya láàárín ọdún, aṣọ á wá máa fẹ́ lẹ́lẹ́ sójú ọ̀nà. Inú yàrá ló yẹ ẹ́.

Kọ́bọ́ọ̀dù: ó wuyì, àmọ́ omi lọ̀tá rẹ̀

Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣíṣe tán sábà máa ń jẹ́ MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi lẹ̀ pọ̀) tàbí pákó àlẹ̀pọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀ pákó ṣe. Bí omi ìnulẹ̀ bá ti ń kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ léraléra, á wú, ojú rẹ̀ á bó, bí ó bá sì ti wú, kì í padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: bí ó bá jókòó lé ilẹ̀ gbalaja láìlẹ́sẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá lè ra pákó fúnra rẹ̀, ní Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí níbikíbi tí wọ́n ti ń ta plywood nítòsí rẹ̀, kó ní kí káfíńtà bá òun ṣe é báyìí. Plywood tó nípọn ní 18 mm, ìyẹn 1.8 cm (àwọn káfíńtà ń pè é ní three-quarter). Kó fẹ̀ ní 80 cm, kó ga ní 90 cm, kí inú rẹ̀ jìn tó 35 cm, kí pẹpẹ mẹ́ta dábùú inú rẹ̀, ìyẹn á fún yín ní àyè mẹ́rin tó ga ní nǹkan bí 20 cm. Ẹsẹ̀ tó ga ní 10 cm lábẹ́, kí máàpù lè kọjá, kí ẹ sì lè rí aáyán tó bá wà níbẹ̀. Bàtà mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún á gbà síbẹ̀.

Níbi tí owó ti ń yàtọ̀ rèé. Odindi plywood kan, 244 cm sí 122 cm, tó fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè, ìsàlẹ̀ àti pẹpẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀là gbọọrọ mẹ́ta tó fẹ̀ ní 35 cm ló sì máa jáde nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù kò lè gba ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn ló máa mú yín ra odindi kejì, pẹ̀lú ìdè àti owó iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn yìí kan náà ló ń há òórùn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, òun náà ló sì ń mú kí àwọn ọmọ fi bàtà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀. Bí ojú bá ń tì yín fún àlejò, ẹ ta aṣọ kúkurú sí i.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n lu ihò tó fẹ̀ ní 2 sí 3 cm sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi 2 cm sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Bàtà tó tutù kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù. Awọ tí wọ́n pa mọ́ inú òkùnkùn á bu, ewú funfun á hù lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn kì í, kí ẹ pààrọ̀ ìwé náà lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, kí bàtà wà níta gbangba títí di ọjọ́ kejì, níbi tí oòrùn kò ti ní pa awọ rẹ̀ lára. Káńfọ̀ kì í mú nǹkan gbẹ, ó kàn ń lé kòkòrò ni, ó sì ń bo òórùn mọ́lẹ̀. Níbi tí ikán bá wà, kí wọ́n fi oògùn ikán kun ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi í síta títí òórùn oògùn á fi lọ kí ó tó wọlé.

Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ ń dà síwájú wúlò fún ọ̀nà tóóró, torí bàtà ń dúró lóòró nínú rẹ̀. Bàtà gíga àti bàtà ọkùnrin ńlá kì í wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ de é mọ́ ògiri pẹ̀lú súkúrù: bí ọmọ bá fa ojú méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ lè dà lé e lórí.

Àpò ara ilẹ̀kùn kì í bá ilẹ̀kùn onírin àbáwọlé mu, nítorí ìkọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì dáadáa. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, fún bàtà ọmọdé àti sálúbàtà tó fúyẹ́, ó dára. Apẹ̀rẹ̀ ń kọ́? Fún sálúbàtà àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé nìkan, kó má sì jìn ju 25 cm lọ. Apẹ̀rẹ̀ tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á máa dà sílẹ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n ń wá.

Ìnusẹ̀: méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ti ìta ń ha ẹrẹ̀, ti inú ń fa omi. Ẹyọ kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì dáadáa.

Fún ìta, ẹ ní ti èèpo àgbọn àti ti rọ́bà oníhò. Ti èèpo àgbọn ń ha ilẹ̀ pupa kúrò lábẹ́ bàtà ju rọ́bà lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ pupa Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kò ṣeé fi ṣeré lára táìlì funfun. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Bí òjò bá ń pa á lójoojúmọ́, kì í gbẹ, á rùn, á jẹrà. Níbi tí òjò ti ń fẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, rọ́bà oníhò ni kí ẹ rà: iyanrìn á máa bọ́ sínú ihò rẹ̀, ẹ̀yin náà á gbé e sókè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti gbá abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbá a, ihò á dí, ó di pẹrẹsẹ, kò sì ní ha nǹkan kan mọ́.

Fún inú, èyí tó láṣọ rírọ̀, tí rọ́bà wà lẹ́yìn rẹ̀ kó má bàa yọ̀ lórí táìlì. Ẹ ra méjì tó dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wà lórí okùn, èkejì á wà nílẹ̀. Àkísà tí wọ́n ṣẹ́ po tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ń fa omi dáadáa, ewu rẹ̀ ni pé ó ń yọ̀, àgbàlagbà ló sì sábà máa ń gbé ṣubú. Ìnípọn ìnusẹ̀ inú kò gbọ́dọ̀ ju àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ wọ̀n lọ. Àlàfo yẹn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 1 cm, bí ìnusẹ̀ bá nípọn jù ú lọ, ilẹ̀kùn á máa ká a jọ.

Nígbà ọyẹ́, ìnusẹ̀ kò rí nǹkan ṣe sí eruku lẹ́búlẹ́bú. Aṣọ tí ẹ fi omi rin díẹ̀, tí ẹ nù kọjá ẹnu ọ̀nà láràárọ̀, ló ń mú un. Bí ẹ bá fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, orí àga ló ń lọ bà.

Báàgì, agbòjò, kọ́kọ́rọ́

Ìkọ́ onígọ́ọ̀mù kì í pẹ́ lára ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà olómi kùn: gọ́ọ̀mù ò ní já, ọ̀dà ló máa bá a ṣí. Lára táìlì tàbí ilẹ̀kùn tó ń dán, ó lè gbé agbòjò. Báàgì ilé-ìwé tí ìwé kún inú rẹ̀ nílò súkúrù. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń ní ihò nínú, nítorí náà bí ẹ bá ń lu ú tí dírìlì sì ṣàdédé wọlé wọ̀ọ́, inú ihò yẹn lẹ bọ́ sí, fíṣà (ike tí wọ́n ń kì bọ ògiri kí súkúrù lè dì í mú) kò ní dúró níbẹ̀. Dípò kí ẹ máa lu ìkọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri, ẹ kan pákó pẹlẹbẹ tó gùn ní 60 cm mọ́ ọn pẹ̀lú súkúrù mẹ́rin àti fíṣà 6 mm, kí ẹ wá to ìkọ́ sára pákó. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá bọ́ sí ihò, mẹ́ta á gbé e. Ti àgbà kó ga ní 160 cm, ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 100 cm. Ìkọ́ tí ọwọ́ ọmọ kò bá tó, ilẹ̀ ló máa ju báàgì sí.

Agbòjò tó tutù, garawa tó ga ló yẹ ẹ́, kí ẹ máa da omi ìdí rẹ̀ nù kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i.

Kọ́kọ́rọ́ gba àròjinlẹ̀ ju ìyókù lọ. Abọ́ orí tábìlì rọrùn, ó sì ń kó owó ẹyọ, bátìrì tó ti kú àti rìsíìtì jọ títí kọ́kọ́rọ́ á fi pòórá sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìkọ́ dára jù, ọ̀kan fún kọ́kọ́rọ́ kan. Ẹ má gbé e síbi tí wọ́n ti lè rí i láti ojú fèrèsé, nítorí olè máa ń na igi gígùn gba àárín irin fèrèsé láti fi fa kọ́kọ́rọ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn onírin lóru, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ojú kan náà lálaalẹ́, níbi tí gbogbo ará ilé lè nawọ́ mú un nínú òkùnkùn bí iná bá sọ.

Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò jẹnẹrétọ̀ kò sí lára ohun tó ń gbé ẹnu ọ̀nà. Ooru bẹntiróò tó ń fẹ́ jáde nínú rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà gbà wọnú ilé. Ìta, lábẹ́ ibòji, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀.

Ilé sílé

Yàrá kan nínú ilé tí yàrá kọjú síra: bàtà tó bá sùn sí kọ̀rídọ̀ lè má jí síbẹ̀. Ráàkì onípele méjì nínú yàrá, lórí tíréè, àti ìnusẹ̀ kan níta.

Fúláàtì oníyàrá méjì tàbí mẹ́ta: bẹ́ǹṣì bí ààyè bá wà, ráàkì ìpele mẹ́ta bí kò bá sí. Kọ́bọ́ọ̀dù onípákó fún bàtà tó gbẹ ni, inú pálọ̀ tàbí yàrá ló ń lọ.

Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀nà àbáwọlé ti tóóró tí kóòtù ńláńlá sì ń kún ibẹ̀, ẹ̀yin ni kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá mu jù. Ẹ bi onílé kí ẹ tó lu ògiri rẹ̀, ẹ má sì to bàtà gíga sórí ẹ̀rọ amúlémóoru, awọ á sán. Bí fúláàtì yín bá ń lo kọ̀rídọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, ẹ má gbé ráàkì síta ilẹ̀kùn: ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sá bí iná bá ń jó nìyẹn.

Ní ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tàbí àdúrà, kò sí ráàkì tó máa gbà á, ẹ má tìtorí rẹ̀ ra èyí tó tóbi. Ẹ tẹ́ tapólì tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní mítà méjì, síta lábẹ́ ìbòòji. Ẹ to bàtà sí ìlà mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, kí ẹ fi 40 cm sílẹ̀ láàárín fún ẹsẹ̀. Nǹkan bí 50 bàtà á gbà síbẹ̀. Ọmọ kan tó mọ ojú èèyàn ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ, torí sálúbàtà dúdú tó jọra kì í fìgbà gbogbo bá ẹni tó wọ̀ ọ́ wá padà sílé.